Aṣọ́lé tó gbá góòlù wọlé: àwọn 15 tó wà nínú ìwé NHL, àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kínní, ọdún 2025, Alex Nedeljkovic tó jẹ́ aṣọ́lé Pittsburgh Penguins gbá puck láti ẹnu ilé tiẹ̀, ó sì wọ inú àwọ̀n Buffalo Sabres ní òdìkejì pápá lọ́hùn-ún. Nínú eré kan náà, ó tún fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní puck tó di góòlù. Kò sí aṣọ́lé kankan nínú ìtàn NHL tó ti ṣe méjèèjì pọ̀ nínú eré kan ṣoṣo rí.

NHL ni líìgì họ́kì orí yìnyín tó lókìkí jù lágbàáyé, Kánádà àti Amẹ́ríkà sì ni wọ́n ti ń gbá a. Láti ọdún 1917 tó ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí Nedeljkovic gbá tiẹ̀ wọlé, aṣọ́lé 15 péré ni wọ́n kọ góòlù sí lórúkọ. Góòlù gbogbo wọn pa pọ̀ jẹ́ 18.

Àmọ́ tá a bá yẹ góòlù 18 yìí wò dáadáa, 11 ni aṣọ́lé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá wọlé. Méje tó kù, alátakò ló ṣèèṣì gbá a sílé ara rẹ̀, tí wọ́n wá kọ orúkọ aṣọ́lé sí i. Ìdí nìyẹn táwọn olólùfẹ́ họ́kì fi ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é gan-an.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbá eré yìí?

Ẹ̀yin tí ẹ ò wo họ́kì rí, ẹ jẹ́ ká yára là á yé ara wa. Èèyàn mẹ́fà ló ń wà lórí yìnyín fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé sì wà lára wọn. Bàtà onírin ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ọ̀pá gígùn ni wọ́n sì fi ń gbá puck. Rọ́bà dúdú líle ni puck yìí, ó rí pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ tó ínǹṣì 3, ó nípọn tó ínǹṣì 1, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó gíráàmù 170. Pápá NHL gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 200. Ẹnu ilé fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó ga ní 4. Ìṣẹ́jú 60 ni eré, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa, aṣọ́lé tó ń gbá góòlù wọlé kò ṣàjèjì. Vincent Enyeama gbá pẹnáritì wọlé fún Enyimba àti Hapoel Tel Aviv. Rogério Ceni ti São Paulo ní Brazil ní góòlù tó lé ní 100, torí òun ló máa ń gbá pẹnáritì àti free kick fún ikọ̀ rẹ̀. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ò sí fún aṣọ́lé NHL. Òfin ò gbà á láyè láti kọjá ìlà àárín pápá kó lọ kópa nínú eré. Ẹ̀yìn ìlà yẹn ló gbọ́dọ̀ wà kó tó gbá a, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àfi tí ilé alátakò bá ṣófo ló fi lè wọlé.

Kí ló ń mú kí ilé ṣófo?

Nǹkan méjì ni.

Àkọ́kọ́: bí ikọ̀ kan bá ń pàdánù tí àsìkò sì ti ń tán lọ, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn á pe aṣọ́lé jáde, á fi eléré mìíràn tó mọ góòlù í gbá rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á di mẹ́fà tó ń lé góòlù, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ilé sílẹ̀ gbayawu.

Èkejì: bí eléré kan bá ṣẹ̀ sófin nígbà tí puck wà lọ́wọ́ alátakò, rẹfirí ò ní fọn fèrè lójú ẹsẹ̀. Á kàn nawọ́ sókè, ó dìgbà tí ikọ̀ tó ṣẹ̀ bá gba puck kó tó dá eré dúró. Ìyẹn ni pé ikọ̀ tó ṣẹ̀ kò lè gbá góòlù kankan wọlé lásìkò yẹn. Nítorí náà, àwọn tí puck wà lọ́wọ́ wọn á fọkàn balẹ̀ pe aṣọ́lé wọn jáde. Ewu kan ṣoṣo tó kù ni kí wọ́n ṣèèṣì gbá a sílé ara wọn. Bí èyí bá sì ṣẹlẹ̀, òfin ní kí wọ́n kọ góòlù náà sí orúkọ ẹni tó fara kan puck kẹ́yìn nínú ikọ̀ kejì. Ẹni náà lè jẹ́ aṣọ́lé.

Billy Smith, 1979

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Billy Smith nìyẹn. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ọdún 1979, New York Islanders lọ kojú Colorado Rockies. Rẹfirí nawọ́ sókè sí Islanders, Rockies sì pe aṣọ́lé wọn jáde. Puck kan Smith lára, ó ta padà, ó bọ́ sọ́wọ́ Rob Ramage ti Rockies. Ramage fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbà á. Ló bá ń yọ̀ lọ gbururu títí ó fi wọ inú àwọ̀n Rockies fúnra wọn.

Bí orúkọ aṣọ́lé ṣe kọ́kọ́ wọ ìwé góòlù NHL nìyẹn, lẹ́yìn ọdún 62. Islanders pàdánù eré ọ̀hún ní 7-4. Kì í ṣe góòlù yìí ló sọ Smith di èèyàn ńlá o. Òun àti Islanders gba ife Stanley Cup lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra láti 1980 sí 1983, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sí Hockey Hall of Fame ní 1993.

Ron Hextall, 1987

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bàbá àgbà Ron Hextall gbá họ́kì ní NHL, bàbá rẹ̀ gbá a, àbúrò bàbá rẹ̀ náà gbá a, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ aṣọ́lé. Ó jọ pé ọwọ́ ìdílé yẹn náà ló wà lára Ron, torí bó ṣe ń lo ọ̀pá rẹ̀ dà bíi ti eléré iwájú. Tí puck bá ti wá sẹ́yìn, á jáde kúrò nílé lọ pàdé rẹ̀, á sì gbé e jáde fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún 1987, Philadelphia Flyers ń lu Boston Bruins, Boston wá pe aṣọ́lé wọn jáde. Hextall gbá puck náà sókè, ó fò kọjá orí àwọn eléré, ó balẹ̀ sórí yìnyín, ó sì wọlé. Eré parí sí 5-2. Òun ni aṣọ́lé NHL àkọ́kọ́ tó dojú kọ ilé, tó gbá a, tó sì wọlé.

Àwọn kan ní oríire lásán ni. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 1989, Hextall tún un ṣe sí Washington Capitals nínú ìdíje ife Stanley Cup, nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ ò pé lórí yìnyín torí ìjìyà. Flyers borí ní 8-5. Ẹnu gbogbo wọn pa mọ́.

Martin Brodeur, ẹni tó ní mẹ́ta

Aṣọ́lé New Jersey Devils yìí nìkan ló ní góòlù mẹ́ta. Ó gbá àkọ́kọ́ wọlé fúnra rẹ̀ sílé Montreal Canadiens ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹrin, ọdún 1997, nínú ìdíje ife. Èkejì wáyé ní oṣù Kejì ọdún 2000, Philadelphia ló gbá a sílé ara wọn, góòlù yẹn gan-an ló sì fún Devils ní ìṣẹ́gun. Carolina Hurricanes náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún un ní oṣù Kẹta ọdún 2013.

Tẹ́ ẹ bá wá ń bi ara yín pé ṣé góòlù ló sọ Brodeur di Brodeur, rárá o. Eré 691 ló borí, 125 nínú eré rẹ̀ ni alátakò ò ti rí góòlù kankan jẹ. Kò sí aṣọ́lé NHL mìíràn tó dé ibẹ̀.

Àwọn yòókù

Àwọn tó gbá a wọlé fúnra wọn:

- Chris Osgood, Detroit Red Wings, 1996, sílé Hartford Whalers.
- Jose Theodore, Montreal Canadiens, 2001, sílé New York Islanders. Ẹ̀yìn ọ̀pá ló fi gbá a, kò sì jẹ́ kí Islanders rí góòlù kankan.
- Evgeni Nabokov, San Jose Sharks, 2002, sílé Vancouver Canucks. Kazakhstan ni wọ́n ti bí i, òun sì ni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Kánádà tàbí Amẹ́ríkà.
- Mike Smith, Phoenix Coyotes, 2013, sílé Detroit. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ló kù kí eré parí!
- Pekka Rinne, Nashville Predators, 2020, sílé Chicago Blackhawks.
- Linus Ullmark, Boston Bruins, oṣù Kejì 2023, sílé Vancouver.
- Tristan Jarry, Pittsburgh Penguins, oṣù Kọkànlá 2023, sílé Tampa Bay Lightning.
- Alex Nedeljkovic, Pittsburgh, 2025, sílé Buffalo.

Àwọn tí alátakò ṣèèṣì ṣe lóore:

- Damian Rhodes, Ottawa Senators, 1999. Alátakò ò rí góòlù jẹ lọ́jọ́ náà, òun ni aṣọ́lé àkọ́kọ́ tó pa méjèèjì pọ̀.
- Mika Noronen, Buffalo Sabres, 2004.
- Chris Mason, Nashville Predators, 2006.
- Cam Ward, Carolina Hurricanes, 2011.

Ṣé ó tó ohun téèyàn ń dán wò?

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bí aṣọ́lé bá gbá puck láti ẹ̀yìn ìlà àárín, tó kọjá ìlà ilé alátakò tí kò wọ àwọ̀n, wọ́n á pè é ní icing. Wọ́n á dá eré padà sí ẹ̀gbẹ́ ilé aṣọ́lé náà, àwọn eléré rẹ̀ tó ti rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jáde fún ẹlòmíì. Bí kò bá gbá a ga tó, tí alátakò já a gbà lójú ọ̀nà, ilé tiẹ̀ ló ń bọ̀ tààrà.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aṣọ́lé fi máa ń dúró dìgbà tí ikọ̀ wọn bá fi góòlù méjì ṣáájú. Ẹ wo èsì eré Hextall ní 1987, Brodeur ní 1997, Mike Smith àti Rinne: 5-2 ni gbogbo rẹ̀. Ọkàn Ullmark àti Jarry ló le jù. Góòlù kan péré ni ikọ̀ wọn fi ń ṣáájú nígbà tí wọ́n dán an wò. Ká ní ó kùnà ni, àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ wọn ì bá bú wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀

Ogún àkọ́kọ́ ni ọ̀nà ìgbáṣẹ́. Láyé àtijọ́, aṣọ́lé kì í kúrò lẹ́nu ilé. Jacques Plante ti Montreal wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń jáde lọ pàdé puck ní àwọn ọdún 1950. Hextall àti Brodeur ló wá fi hàn pé aṣọ́lé lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìkọlù. Lónìí, ara ohun tí wọ́n ń wò lára aṣọ́lé ni bó ṣe mọ puck í gbá sí.

Ogún kejì wà nínú òfin. Ní sáà 2005 sí 2006, NHL fa ìlà sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n ní aṣọ́lé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan puck ní àwọn igun tó wà lẹ́yìn níta ìlà náà. Òfin Brodeur ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, torí àwọn aṣọ́lé bíi tiẹ̀ ti ń ba ìkọlù alátakò jẹ́ níbẹ̀. Kí wọ́n ṣòfin nítorí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn, oyè ńlá nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ó jọ pé góòlù báyìí ò ní pẹ́ kó tó wáyé mọ́. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá òde òní ń tètè pe aṣọ́lé jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ilé sì ń pẹ́ ní òfìfo. Láàárín oṣù Kejì 2023 sí oṣù Kínní 2025, góòlù mẹ́ta ló wọlé, méjì nínú rẹ̀ láti ọwọ́ aṣọ́lé Pittsburgh.

Ta wá ni àkọ́kọ́? Tó bá jẹ́ orúkọ inú ìwé NHL ni, Billy Smith ni. Tó bá jẹ́ ẹni tó gbá a wọlé ní NHL ni, Ron Hextall ni. Tó bá sì jẹ́ gbogbo họ́kì tí wọ́n ń gbowó gbá lẹ́ ń bi, Michel Plasse ti ṣe é ní 1971 fún Kansas City Blues nínú líìgì kékeré, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Smith.