Ẹ̀fọn Ọ̀sán ní Benson Street

Lọ́dún 1929, ibà pọ́njú jà ní Monrovia, kò sì mọ ẹni ńlá. Lóṣù kẹfà ó pa James Sibley, agbaninímọ̀ràn lórí ètò ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ó pa William T. Francis, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, lọ́yà aláwọ̀ dúdú láti Minnesota, ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ tipátipá ní erékùṣù Fernando Po. Oògùn ẹ̀fọn wà nínú ọjà tí mò ń tà ní Benson Street, ní Monrovia yìí kan náà, ó wá di dandan kí n mọ ìtàn ẹni tí mò ń bá jà.

Aedes aegypti ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri ń jẹ́, dúdú tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀. Òun náà ló ń gbé ibà dẹ́ńgè kiri. Kì í ṣe ẹ̀fọn òru tó ń kó ibà tá a mọ̀ ràn wá. Ọ̀sán gangan lèyí ń jẹni, ara ohun tá a fi ń pọn omi pamọ́ nílé ló sì ń yé sí. Òjò Monrovia ju mílímítà 4,000 lọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ń gbe omi òjò nígbà náà. Dókítà Howard Smith wá láti Amẹ́ríkà láti tún ìmọ́tótó ìlú ṣe, ṣùgbọ́n òun àti ìjọba kò gbọ́ra yé, ó sì bá tirẹ̀ lọ ní 1930. Yorùbá mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa: iṣẹ́ wolé-wolé ni. Tí wọ́n bá fi lè rí tanwíjí nínú ìkòkò ẹ, o ti rí kóòtù nìyẹn! A bú wọn títí. Mo gbà báyìí pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

Ohun tó ba iṣẹ́ wọn jẹ́ ni oògùn tó dùn ún lò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibà ẹ̀fọn òru dá àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà ní Liberia dùbúlẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ní 1944, ikọ̀ onímọ̀ ìlera tí Dókítà John West, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ṣáájú dé Monrovia. Oògùn DDT dé, wọ́n ń fín in sára ògiri. Ní 1948 wọ́n fún Paul Müller, tó ṣàwárí agbára rẹ̀ lórí kòkòrò, ní ẹ̀bùn Nobel. Ta ló tún fẹ́ máa yojú sínú ìkòkò?

Ẹnu ọ̀nà kan wà lára iṣan ẹ̀fọn tí DDT máa ń há ní ṣíṣí, kí ẹ̀fọn ó gbọ̀n títí tí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, díẹ̀ wà tí ẹnu ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Oògùn ò mú wọn. Àwọn ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ń bímọ. Láàárín 1950 sí 1960, wọ́n ti rí irú wọn ní Trinidad. Nígbà tí aráyé pa DDT tì, àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní pyrethroid dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí nípa oògùn tuntun wọ̀nyí nìyí: ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n ń há. Ẹni tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ láìmọ̀ pé wọ́n ti yí àgádágodo padà ni wá. Kọ́ìlì tá à ń sun, agolo tá à ń fín, nẹ́ẹ̀tì tá à ń ta sórí ibùsùn, ìdílé pyrethroid ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, àwọn onímọ̀ ti bá ìyípadà ẹnu ọ̀nà náà lára ẹ̀fọn ìlú. Ní 2023, àwọn tí wọ́n fura sí pé dẹ́ńgè ń ṣe ní Burkina Faso ju 100,000 lọ.

Tiwa ní Monrovia tún ní ogun nínú. Ní 1990 ogun abẹ́lé ba ìsédò Mount Coffee tó ń pèsè iná jẹ́, iná lọ, omi ẹ̀rọ náà lọ. Gbogbo ilé ra dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì. Ogun parí ní 2003, dúrọ́ọ̀mù ò kúrò lẹ́yìnkùlé.

Mo máa ń ra ìdérí dúrọ́ọ̀mù ní ọjà Waterside wá tà. Ọjà tí kì í yá ni. Ìyá àgbàlagbà kan, Old Ma bí wọ́n ṣe ń pe irú wọn níbí, wá ra agolo oògùn lọ́wọ́ mi.

“Old Ma, ẹ dé omi yín,” ni mo wí.

“Ọmọ mi, ìdérí kì í pa ẹ̀fọn. Fún mi lèyí tó ń rùn.”

Mo gbowó agolo, mo fi ìdérí kan ṣe èènì.