Ta Ni Ó Ni Apànìyàn Inú Ìwé? Ìtàn Apá Kejì àti Ìdájọ́ Òǹkàwé

Ìtàn afọ̀bẹpani, ìyẹn irúfẹ́ ìtàn àròsọ adẹ́rùbani tí ẹnì kan ti ń fi ọ̀bẹ tàbí àáké pa àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ẹni tí yóò kò ó lójú, kì í sábà parí síbi tí ìwé àkọ́kọ́ parí sí. Bí ìwé bá ti tà, atẹ̀wéjáde a béèrè apá kejì, òǹkàwé náà a sì máa retí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí apá kejì bá dé tán, òǹkàwé kan náà yìí ni í kọ́kọ́ figbe ta pé wọ́n ti ba nǹkan òun jẹ́. Ẹni tí ó bá tọpa irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà yóò rí i pé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó ń bí òǹkàwé nínú. Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ẹni tí ó ni apànìyàn náà gan-an lẹ́yìn tí ìwé àkọ́kọ́ bá ti di ti gbogbo ayé.

Ìjà náà ti pẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1846, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tí Edward Lloyd ń tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí ń jẹ́ The String of Pearls, nínú èyí tí Sweeney Todd, onígbàjámọ̀ òpópónà Fleet, ti máa ń dojú àga tí oníbàárà jókòó lé dé sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí Ìyáàfin Lovett, aládùúgbò rẹ̀, sì ń fi ẹran ara àwọn olóògbé ṣe páì tà. Pẹ́nì kan péré ni wọ́n ń ta irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọwọ́ àwọn mẹ̀kúnnù ká a. Ìtàn náà kò tíì parí nínú ìwé ìròyìn tí George Dibdin Pitt fi gbé e lọ sórí ìtàgé ní ilé ìṣeré Britannia ní agbègbè Hoxton ní oṣù Kẹta ọdún 1847, àwọn òǹwòran ibẹ̀ sì rí òpin tí ọwọ́ eléré kọ kí òǹkàwé tó rí èyí tí òǹkọ̀wé kọ. Òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ fi orúkọ sí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò lọ bi í bóyá inú rẹ̀ dùn sí i.

Robert Bloch ní tirẹ̀ ní orúkọ, orúkọ náà ni ìyà sì jẹ. Chicago ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1917. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó máa ń kọ lẹ́tà sí H. P. Lovecraft, àgbà láàárín àwọn òǹkọ̀wé adẹ́rùbani, àwọn méjèèjì sì fi ìtàn pa ara wọn ní ti eré: Bloch kọ́kọ́ pa ẹ̀dá ìtàn kan tí ó jọ Lovecraft, lẹ́yìn tí àgbà náà ti kọ̀wé yọ̀ǹda fún un, Lovecraft náà sì fi ikú san án fún ẹ̀dá ìtàn kan tí orúkọ rẹ̀ jọ ti Bloch. Ní ọdún 1957, ọlọ́pàá mú Ed Gein ní Plainfield, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, nítorí pé ó pa obìnrin, wọ́n sì bá ẹ̀yà ara òkú tí ó hú ní itẹ́ òkú nínú ilé rẹ̀. Ibi tí Bloch ń gbé nígbà náà, Weyauwega, kò jìnnà síbẹ̀. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè máa ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn tí aládùúgbò kò sì fura, inú ìrònú náà ni ìwé Psycho ti jáde ní ọdún 1959.

Norman Bates tí Bloch kọ jẹ́ ẹni ogójì ọdún, ó sanra, ó ń lo awò ojú, ó sì fẹ́ràn ọtí. Aṣojú kan tí kò dárúkọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni ó ra ẹ̀tọ́ àtifi ìwé náà ṣe fíìmù ní 9,500 dọ́là, ẹ̀yìn tí ọjà ti parí ni òǹkọ̀wé tó gbọ́ pé Alfred Hitchcock ni oníbàárà. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní ọdún 1960, Anthony Perkins, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ni ó ṣe Norman, láti ìgbà náà wá ni ojú Perkins sì ti bo ojú ọkùnrin inú ìwé mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá wo fíìmù náà kí ó tó ṣí ìwé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rò pé Bloch ni ó ṣì í kọ.

Fíìmù yìí ni àwọn tí ń ṣe sinimá afọ̀bẹpani gbà ní baba ńlá wọn. Halloween ti John Carpenter jáde ní ọdún 1978, Friday the 13th tẹ̀lé e ní ọdún 1980, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1981, àwọn méjèèjì ti ní apá kejì. Ọjà gbígbóná yìí ni Bloch ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé Psycho II tí ó gbé jáde ní ọdún 1982. Norman gbé aṣọ sísítà ìjọ Àgùdà wọ̀, ó sá kúrò ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ní Hollywood, wọ́n ń múra láti fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe fíìmù, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìparí ìwé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn pé Norman ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀, pé dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ ni ó ń pànìyàn kiri. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ ju bí àwọn ẹlẹ́gàn rẹ̀ ti ń sọ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ìwé nítorí Norman ti fi owó rẹ̀ ra òkú. Ilé iṣẹ́ fíìmù Universal kò tẹ́wọ́ gba ìtàn yìí. Wọ́n gbé Psycho II tiwọn jáde ní ọdún 1983, nínú èyí tí wọ́n ti dá Norman, Perkins kan náà, sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 22, tí ó sì ń tiraka láti gbé ayé bí ọmọlúàbí. Àkọlé kan ṣoṣo bí ìbejì tí kò jọra: ọ̀kan pa Norman, ọ̀kan dá a sí. Èyí tí ó dá a sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì ni ó ti ọwọ́ ẹni tí ó bí Norman wá.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1987, Stephen King gbé Misery jáde, ìwé tí ó jẹ́ pé òǹkàwé gan-an ni apànìyàn inú rẹ̀. Annie Wilkes, nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ rí, yọ òǹkọ̀wé Paul Sheldon nínú ọkọ̀ tí ó dojú dé nínú yìnyín, ó gbé e wálé, nígbà tí ó sì kà á pé Sheldon ti pa Misery Chastain, ẹ̀dá ìtàn tí òun fẹ́ràn jù lọ, ó fi tipátipá mú un kí ó jí i dìde nínú ìwé tuntun. Ibi tí ìwé náà ti kan ọ̀rọ̀ yìí jù kì í ṣe ibi tí Annie ti gbé àáké sí Sheldon. Sheldon kọ ìbẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun, Annie kọ̀ ọ́, ó ní ìrẹ́jẹ ni. Ó wá rántí fíìmù alápá-apá kan tí ó wò ní kékeré, nínú èyí tí ọkọ̀ tí akọni wà nínú rẹ̀ já sínú ọ̀gbun ní ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n sì fi hàn ní ọ̀sẹ̀ kejì pé ó ti bẹ́ jáde kí ọkọ̀ tó já. Àwọn ọmọ yòókù ń hó fún ayọ̀, òun nìkan ni ó dìde tí ó ń pariwo pé irọ́ ni. Lójú rẹ̀, kò pọn dandan kí ìtàn jẹ́ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó ti ṣáájú mu. Aṣiwèrè ni ó sọ ọ́, àmọ́ díẹ̀ ni lámèyítọ́ tí ó ti la ọ̀ràn apá kejì yé ni tó bẹ́ẹ̀.

Òfin Annie yìí ni àwọn òǹkàwé fi kọlu Thomas Harris. Oníròyìn ni Harris kí ó tó di òǹkọ̀wé. Ó kọ Red Dragon ní ọdún 1981 àti The Silence of the Lambs ní ọdún 1988, fíìmù tí wọ́n fi ìwé kejì yìí ṣe sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar márùn-ún tí ó ga jù. Nítorí náà, nígbà tí Hannibal dé ní oṣù Kẹfà ọdún 1999, ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn tí ó rà á ń retí Clarice Starling, ọ̀dọ́bìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó fi òótọ́ inú dojú kọ Dókítà Hannibal Lecter, ajẹ̀nìyàn onímọ̀ ọpọlọ. Ohun tí wọ́n bá ni pé Lecter fi oògùn yí i lórí, Starling jókòó sí ìdí tábìlì, ó bá a jẹ nínú ọpọlọ Krendler, ọ̀tá rẹ̀, nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè lórí àga, ó sì di olólùfẹ́ Lecter ní Buenos Aires. King fúnra rẹ̀ yin ìwé náà, ó tò ó mọ́ The Exorcist gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó dẹ́rù bani jù lọ láàárín àwọn ìwé àsìkò náà. Òǹkọ̀wé Martin Amis, tí ó ti yin àwọn ìwé Harris ìṣáájú, bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Nínú fíìmù, Jodie Foster, tí ó ṣe Starling nínú fíìmù ìṣáájú, kọ̀ láti tún un ṣe, Julianne Moore ni ó gbà á, nígbà tí fíìmù Ridley Scott sì jáde ní ọdún 2001, wọ́n ti yí òpin náà padà: Starling fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́ Lecter, Lecter sì gé ọwọ́ ara rẹ̀ láti sá lọ. Ọpọlọ tí wọ́n dín lórí iná kọ́ ni wọ́n yọ kúrò. Wọ́n gbé ìyẹn sínú fíìmù láìfọ̀tápè. Ọlá Starling ni wọ́n dá padà fún un.

Ẹ̀sùn tí ó tẹ̀lé e tún le sí i. Hannibal Rising, tí ó jáde ní ọdún 2006, ṣàlàyé pé ogun àgbáyé kejì ni ó sọ Lecter dà bí ó ti dà, nítorí pé àwọn jàǹdùkú pa àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ ní Lithuania. Dino De Laurentiis, ẹni tí ẹ̀tọ́ fíìmù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti jẹ́ kí ó hàn pé bí Harris kọ ìtàn ìgbà èwe náà tàbí kò kọ ọ́, fíìmù yóò wáyé. Lecter inú ìwé ọdún 1988 ti sọ fún Starling tẹ́lẹ̀ pé kí ó má ṣe wá ìdí òun nínú ohun tí ojú òun rí. Àwọn òǹkàwé tí kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ kọ̀yìn sí ìwé tuntun yìí. Láti ọdún 2013 sí 2015, tẹlifíṣọ̀n NBC fi Lecter ṣe eré apá mẹ́ta láìsí ìwé tuntun kankan láti ọwọ́ Harris. Ìwé tí òun náà tún gbé jáde, Cari Mora, dé ní ọdún 2019, Lecter kò sì sí nínú rẹ̀.