Èèkù Ìbọn Ìléwọ́: Láti Igi Jọ̀lọ̀ Dé Ike Tí Wọ́n Fi Iná Fín

Kí ìbọn ìléwọ́ tó dé ayé ni àwọn jagunjagun ti mọ̀ pé ọwọ́ tó làágùn kì í di ohun dídán mú. Ní Jàpáánì, awọ ẹja òkun tó ní wóró líle lára ni wọ́n fi ń bo èèkù idà kí wọ́n tó fi okùn wé e. Ti ìbọn tún le ju ti idà lọ, nítorí pé bí ọta bá ti jáde, ìbọn á ti ọwọ́ sẹ́yìn, imú rẹ̀ á gbéra sókè, èèkù á sì fẹ́ yí kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́.

Síbẹ̀, dídán ni èèkù ìbọn iléeṣẹ́ Colt àtijọ́. Igi walnut tí wọ́n gbo títí tó fi jọ̀lọ̀ ni ti Single Action Army, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà ní 1873. Wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí àìmọ̀ṣẹ́ o. Bí èèkù náà ṣe tẹ̀ mú kí ó máa yí sókè lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn bá dún, àtàǹpàkò á sì dé ibi irin tó yẹ kó fà sẹ́yìn kó tó tún yìn ín. Ká ní ara rẹ̀ rí wóró-wóró ni, ọwọ́ ni ì bá máa bó. Nígbà tó yá, rọ́bà líle dé, tí wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù, tí ìlà wẹ́wẹ́ àti àmì iléeṣẹ́ á sì jáde lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbọn tí John Browning ṣe, tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà ní 1911, ló sọ fífín èèkù di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Pátákó igi méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkù rẹ̀. Ẹni tó ń fín in á fa ìlà lọ sí apá kan, á tún fa òmíràn dábùú rẹ̀, ṣóńṣó kéékèèké á sì kù sílẹ̀ láàárín wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ike gba ipò igi. Ṣùgbọ́n irin iwájú, níbi tí ìka máa ń wà, dán síbẹ̀. Àwọn tó ń fi ìbọn díje ni kò gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ IPSC sílẹ̀ ní ìlú Columbia, Missouri, ní 1976. Wọ́n ń san owó gọbọi kí àwọn oníṣẹ́ ìbọn lè bá wọn fín irin náà. Ìlà 20 nínú íǹṣì kan máa ń jẹ ọwọ́, 30 sì rọ̀ jù ú lọ. Ẹni tí kò fẹ́ náwó tó bẹ́ẹ̀ lè ra rọ́bà rírọ̀ irú èyí tí iléeṣẹ́ Pachmayr ń tà.

Gaston Glock, tó ti ń ṣe ọ̀bẹ àti ọ̀pá kọ́tìnì rí, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìbọn Glock 17 rẹ̀, tí àwọn ológun Ọ́sítríà gbà ní 1982, ní èèkù tó jẹ́ ike látòkè délẹ̀, kò sí pátákó tí èèyàn lè tú kúrò. Kí ni kí ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá ń yọ̀ lọ́wọ́ ṣe? Àwọn kan mú irin gbígbóná tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé, wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ tẹ ike náà lójú kọ̀ọ̀kan títí ara rẹ̀ fi rí wóró-wóró. Ó wá di iṣẹ́ tí àwọn kan ń jẹun nídìí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ike tó bá jó kọjá ààlà kò ní àtúnṣe, èèkù tó bá sì rí wóró-wóró jù á máa họ ara ẹni tó fi ìbọn sábẹ́ ẹ̀wù.

Àwọn iléeṣẹ́ náà ń gbìyànjú tiwọn. Glock gbẹ́ ojú ìka sí iwájú èèkù, èyí tí mo kà sí èrò tó burú jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí ta ló ní ìka bíi ti ẹlòmíràn? Ní 2017 ni ìran karùn-ún ìbọn Glock jáde láìsí ojú ìka náà. Iléeṣẹ́ Walther ti ṣe ẹ̀yìn èèkù tó ṣeé pààrọ̀ fún ìbọn P99 ṣáájú, Glock sì ṣe tirẹ̀ ní 2010. Nínú ìbọn SIG P320, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà yàn ní 2017, irin inú tó ní nọ́ńbà ni òfin Amẹ́ríkà kà sí ìbọn. Nítorí náà, ẹni tó bá jó èèkù rẹ̀ bà jẹ́ lè lọ ra òmíràn, kó sì tún bẹ̀rẹ̀.