Láti Orí Àgídìgbo Dé Orí Jìtá Béèsì: Ìtàn Ọrùn, Okùn àti Ọ̀rinrin ní Agbègbè Kòsọ́fẹ́

Kí jìtá béèsì tó wọ inú orin jùjú ni orin náà ti ní ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Àgídìgbo ló ń pèsè rẹ̀. Àpótí pákó ni ohun èlò yìí, tí a de ahọ́n irin mélòó kan mọ́ ojú rẹ̀. Onílù a gbé e lé itan, a sì máa fi ìka ta irin náà. Bí ohùn kan bá ṣìnà, wọn a fa ahọ́n irin síta tàbí kí wọ́n tì í wọlé: èyí tó gùn ń dún nísàlẹ̀, èyí tó kúrú ń dún lókè. Fatai Rolling Dollar (1927–2013), tó bá J. O. Araba ṣeré ní àwọn ọdún 1950, wà lára àwọn tí a mọ̀ jù mọ́ àgídìgbo. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ebenezer Obey ti ṣiṣẹ́ kí ó tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964.

Iná mànàmáná ló yí ọ̀rọ̀ padà. Àyìndé Bákàrè ti so jìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ amóhùn-bú-gbàmù ní nǹkan bí 1949. Ní 1951 ni Leo Fender gbé jìtá tí ó pè ní Precision Bass jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1970, àwọn ẹgbẹ́ jùjú ńlá ti ń lo jìtá béèsì. Àgídìgbo fà sẹ́yìn.

Ohun tí a kì í sábà mẹ́nu bà nínú ìtàn yìí ni iṣẹ́ ìtọ́jú tí ohun èlò tuntun náà mú dání. Okùn mẹ́rin rẹ̀, tí gígùn ibi tó ń dún lára wọn sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 34, ń fi agbára tó ju ìwúwo kìlógíráàmù 60 lọ fa ọrùn igi. Kò sí igi tí ìyẹn kò ní tẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pá irin fi wà nínú ọrùn, ọgbọ́n tí Thaddeus McHugh ti ilé-iṣẹ́ Gibson gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1923.

Bí okùn bá ga jù, ìka a máa ro. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, yóò máa kan irin ojú ọrùn, ohùn kò sì ní mọ́. Ọ̀pọ̀ a wá sáré lọ yí ìṣó onílọ́ tó gbé okùn ró nísàlẹ̀. Ọrùn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Nígbà tí okùn bá ti wà ní ohùn rẹ̀, a ó tẹ ọ̀kan mọ́ irin àkọ́kọ́ àti irin tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara jìtá, kí a wo àárín: àlàfo tó tó nínípọn káàdì kan ló dára. Bí ó bá pọ̀ jù, a ó fún ọ̀pá irin; bí kò bá sí rárá, a ó dẹ̀ ẹ́. Ìdámẹ́rin ìyípo tó lẹ́ẹ̀kan, a ó sì tún okùn tò. Ìgbà náà ni gíga okùn tó kàn, nǹkan bí mìlímítà 2 sí 2.5 lókè irin kejìlá. Ní ìkẹyìn ni a ó sún ìjókòó okùn síwájú tàbí sẹ́yìn kí ohùn irin kejìlá lè bá ti okùn lásán mu. Òfin ahọ́n àgídìgbo náà nìyẹn: gígùn ló ń pinnu ohùn.

Ilẹ̀ Kétu, Ìkòsì àti Máìlì 12 kò jìnnà sí odò Ògùn àti ọ̀sà. Ní 2010, omi odò náà ya bo Ajégúnlẹ̀ àti àdúgbò tó yí i ká. Igi ń mu ọ̀rinrin irú àyíká bẹ́ẹ̀, bí ọyẹ́ bá sì dé, a gbẹ. Onídùndún mọ èyí láti ilé: awọ tí òjò bá mú dẹ̀, yóò sá a sóòrùn. Ṣùgbọ́n jìtá béèsì ilé ìjọsìn tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn òjò a máa gba ìdájọ́ pé ó ti bàjẹ́, nígbà tí ìdámẹ́rin ìyípo lásán lè tó o. Tàbí kí aláìmọ̀kan fi agbára yí ọ̀pá irin títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bó. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, odidi ọrùn ni a lè ní láti pààrọ̀.