Ojú Ẹ̀rọ Lórí Ẹ̀jẹ̀: Láti Ọ̀dọ̀ Ehrlich Títí Dé Ìbàdàn

Kí AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá, tó dé ìdí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, aró ti débẹ̀. Lọ́dún 1879, Paul Ehrlich ní Jámánì rẹ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí gíláàsì láró, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n jọra tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ síra, torí aró tó mú èyí kọ́ ló mú tọ̀hún. Láti ìgbà náà ni wíwá àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ti di iṣẹ́ ojú. Bẹ́ẹ̀ ni Ernest Irons, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Chicago, ṣe rí sẹ́ẹ̀lì pupa tó tẹ̀ bíi dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ará Grenada kan lọ́dún 1904. James Herrick, ọ̀gá rẹ̀, ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1910. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ bẹ́ẹ̀, kúkú ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò tíì rí.

Kíkà ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ mọ̀. Wallace Coulter, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́dún 1953 lórí ọgbọ́n kan tó rọrùn: ó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì inú omi iyọ̀ máa gba ihò tíntìntín kan kọjá nígbà tí iná mànàmáná ń ṣàn níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá á dí iná náà lọ́wọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà á. Ṣùgbọ́n iye nìkan ló ń sọ. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá pọ̀ jù, bóyá kòkòrò àrùn ló fà á ni o, bóyá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni o, ojú èèyàn ló ṣì máa wò ó.

Dídá sẹ́ẹ̀lì mọ̀ ló le. Lọ́dún 1966, Judith Prewitt àti Mortimer Mendelsohn fi hàn pé kọ̀ǹpútà lè ya oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀ bí wọ́n bá sọ àwòrán wọn di nọ́ńbà. Àmọ́ èèyàn ló ń bá ẹ̀rọ ìgbà yẹn yan ohun tó máa wò: bí inú sẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi tó, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dúdú tó. Sẹ́ẹ̀lì aláìsàn kì í sì í tẹ̀ lé òfin. Ilé iṣẹ́ CellaVision, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lund ní Sweden lọ́dún 1994, gba ọ̀nà tí mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu jù: ẹ̀rọ á ya àwòrán, á pín in sí ìsọ̀rí, onímọ̀ àyẹ̀wò á sì fọwọ́ sí i tàbí kí ó tún un ṣe.

Ìyípadà ńlá dé nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpẹẹrẹ kọ́ra rẹ̀. Ní Munich lọ́dún 2019, Christian Matek, Carsten Marr àtàwọn ẹgbẹ́ wọn kó àwòrán sẹ́ẹ̀lì tó lé ní 18,000 jọ láti ara 100 ẹni tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń yára pani àti 100 tí kò ní in. Ẹ̀rọ wọn dá ọmọ sẹ́ẹ̀lì burúkú tó ń fa àrùn náà mọ̀ bí ọ̀jáfáfá ṣe lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jáfáfá yẹn náà ló kọ orúkọ sára àwòrán fún un, oríṣi sẹ́ẹ̀lì tí àpẹẹrẹ rẹ̀ kò sì pọ̀ ṣì ń rú u lójú.

Ìbàdàn wọ ìtàn yìí lọ́dún 2020. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti University College London kọ́ ẹ̀rọ láti wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn. Ibà kì í ṣe àrùn ẹ̀jẹ̀ gan-an, àmọ́ gíláàsì kan náà ni, aró kan náà, ojú kan náà tó ń rẹ̀. Kí èèyàn tó sọ pé kò sí kòkòrò, ó yẹ kó wo ó kéré tán 100 ibi lórí gíláàsì kan, ìdọ̀tí aró sì máa ń jọ kòkòrò. Ẹ̀rọ tó bá fi ẹ̀jẹ̀ Munich nìkan kọ́ṣẹ́ lè má mọ ìdọ̀tí Ìbàdàn.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà fi máíkírósíkóòpù orí fóònù àti AI wá sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn 96. Èyí wúlò fún aláìsàn, kò wúlò fún ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà tó fẹ́ mọ jẹ́nótáìpù wọn, torí sẹ́ẹ̀lì ẹni tó jẹ́ AS kì í sábà tẹ̀ lórí gíláàsì. Ọ̀nà tí Linus Pauling àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò lọ́dún 1949, ìyẹn kí iná mànàmáná máa fa èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ kí S lè yà kúrò lára A, ni irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣì ń ṣe fún wọn.