Ta Ni Ọ̀gá Òṣìṣẹ́? Ìtàn Ìgbanisíṣẹ́ Nípasẹ̀ Ẹnìkẹta Láàárín Nàìjíríà àti Erékùṣù Fernando Po

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ kan lọ sí ilẹ̀ mìíràn nípasẹ̀ ẹnìkẹta. Àpẹẹrẹ tí a mú ni ti oko kòkó erékùṣù Fernando Po, níbi tí àwọn ará Làìbéríà, àti lẹ́yìn wọn àwọn ọmọ Nàìjíríà, ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba Sípéènì. Èrò wa ni pé kì í ṣe pé alágbàtà wà láàárín ni ó ń sọ iṣẹ́ di oko ẹrú. Àìsí ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ké ni. A fi ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà wé ohun tí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ń rí lónìí, a sì dábàá ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lè ṣe sí i.

Ìfáàrà

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀kan lára àwọn tí a kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mú ìwé àdéhùn kan tọ̀ wá wá. Wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́ olùkọ́ ní òkè òkun. Orúkọ mẹ́ta ni a rí lórí ìwé náà: ilé-iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà tó gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn lókè òkun tí yóò máa san owó oṣù rẹ̀, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò ti máa kọ́ni. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún méjì tó pé, yóò dá owó ìrìnàjò padà. Ọmọ náà bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ta ni ọ̀gá mi?"

Ìbéèrè náà kò ṣeé dáhùn lójú ẹsẹ̀. Òun ló sún wa dé ìdí iṣẹ́ yìí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí a ti wo ẹ̀yìn, a rí i pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ti béèrè irú ìbéèrè yìí rí, ní etíkun Calabar, kí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síbí tó dáyé.

Ohun tí Yorùbá mọ̀ nípa ẹnìkẹta

Ẹnìkẹta nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe ni ó dúró fún èlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó tán ni ó bọ́. Ìrẹ́jẹ wà nínú rẹ̀, a kò ní í bò ó mọ́lẹ̀: ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà kò jẹ gbèsè kankan fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ìlú mọ ẹni tó bí i, wọ́n mọ iye tí wọ́n yá, onígbọ̀wọ́ sì wà tó dúró sí i. Bí olówó bá fìyà jẹ ẹ́, àwọn ẹbí mọ ilé tí wọn yóò gbà lọ.

Èdè wa ya irú ẹnìkẹta méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni alágbàtà, èkejì ni onígbọ̀wọ́. Alágbàtà ń gba èrè tirẹ̀, ó ń lọ. Nígbà tí ọjà bá bàjẹ́, kò sí nílé. Onígbọ̀wọ́ ní tirẹ̀ ń dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ kàn lára. Ìyàtọ̀ yìí ni a ó máa fi wo ìtàn tó ń bọ̀ yìí.

Oko kòkó tí kò ní òṣìṣẹ́

Erékùṣù Fernando Po, tí a mọ̀ sí Bioko lónìí, wà nínú òkun tó kángun sí Calabar àti Kamẹrúùnù. Ó di ti Sípéènì nínú àdéhùn tí wọ́n bá Pọtogí ṣe ní ọdún 1778. Ní 1827, Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa gbógun ti òwò ẹrú, kí Sípéènì tó tún padà wá jókòó lórí ilẹ̀ náà. Nínú àwọn tó ṣẹ́kù síbẹ̀ ni a ti rí àwọn tí wọ́n ń pè ní Fernandino, ìran àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú àti àwọn tó wá láti Sierra Leone. Wọ́n jọ àwọn Sàró tiwa l'Ékòó ní ọ̀nà púpọ̀.

Kòkó ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ náà. Láti ibẹ̀ ni Tetteh Quarshie ti mú irúgbìn kòkó wọ Gold Coast. Ṣùgbọ́n bí oko ṣe ń gbòòrò sí i, kò sí ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn Bubi tó ni ilẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì fẹ́ fi oko tiwọn sílẹ̀ lọ ṣe lébìrà fún ẹlòmíràn. Àwọn olóko wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, tí wọn kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnìkẹta ti wọlé.

Làìbéríà: alágbàtà tí kò ní onígbọ̀wọ́

Ní ọdún 1914, ìjọba Làìbéríà àti ti Sípéènì fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn ará Làìbéríà máa lọ ṣiṣẹ́ ní Fernando Po. Ní 1928, ẹgbẹ́ àwọn olóko bá àwọn alágbàtà kan ní Làìbéríà ṣe àdéhùn mìíràn, tó fi jẹ́ pé iye orí tí alágbàtà bá kó wá ni wọ́n fi ń san owó fún un. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Owó alágbàtà kò sinmi lórí bóyá òṣìṣẹ́ jẹun, bóyá ó gba owó ọ̀yà rẹ̀, tàbí bóyá ó padà sílé láàyè. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, iṣẹ́ alágbàtà ti parí.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n lo àwọn sójà láti kó ènìyàn ní abúlé, wọ́n sì fi ìtanràn halẹ̀ mọ́ àwọn baálẹ̀ tí kò bá rí ènìyàn fà sílẹ̀. Nígbà tí ariwo ta, Àjọ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde ní 1930. Cuthbert Christy ló ṣe alága rẹ̀, Charles S. Johnson, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, àti Arthur Barclay, ààrẹ Làìbéríà nígbà kan rí, ni ọmọ ìgbìmọ̀. Wọ́n jábọ̀ pé díẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ènìyàn náà fi yàtọ̀ sí kíkó ẹrú, àti pé àwọn aláṣẹ ìjọba mọ̀ sí i. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Charles King àti igbákejì rẹ̀, Allen Yancy, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ àti Òṣìṣẹ́, ìyẹn ILO, ṣe òfin àgbáyé tó lòdì sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ẹ̀kọ́ tí Làìbéríà kọ́ wa le: ìjọba tó yẹ kó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọ rẹ̀ ni ó jókòó pẹ̀lú àwọn alágbàtà.

Calabar: àdéhùn ọdún 1942

Nígbà tí ọ̀nà Làìbéríà dí, àwọn olóko yíjú sí ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún 1930, ọkọ̀ ojú omi ń kó àwọn ọ̀dọ́ Ìgbò, Ìbíbíò àti Éfíìkì ní òkùnkùn lọ sí erékùṣù náà. Panya ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, láti ara orúkọ tí Sípéènì ń pe ara rẹ̀. Wọ́n tan àwọn kan pé ibòmíràn ni wọ́n ń lọ; wọ́n fi àsansílẹ̀ owó fa ojú àwọn mìíràn mọ́ra. Ẹni tó bá ti ná àsansílẹ̀ owó ti di onígbèsè kó tó débi iṣẹ́. Ẹ ó rí i pé ó jọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà, àfi pé onígbọ̀wọ́ ni kò sí níbẹ̀.

Ọlọ́pàá kò rí òwò náà dá dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Bìrìtéènì àti ti Sípéènì ṣe àdéhùn láti sọ ohun tó wà ní òkùnkùn di ti ojútáyé. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Calabar, tó dúró láàárín àwọn olóko àti òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yóò ti fọwọ́ sí ìwé lójú àwọn aláṣẹ kó tó wọ ọkọ̀. Ìwé náà sọ iye owó ọ̀yà, oúnjẹ, ibùgbé àti ìgbà tí iṣẹ́ yóò parí. Wọn kì í san gbogbo owó náà lókè òkun. Apá kan ń dúró de òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà títí yóò fi padà dé. Aṣojú ìjọba Bìrìtéènì tó wà ní Santa Isabel sì ni òṣìṣẹ́ lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Àwọn tó ń wọ ìgbèríko lọ kó ènìyàn wá ṣì ń wo owó orí. Ìwé àdéhùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èló nínú àwọn tó tẹ ìka sí i ló lè kà á? Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ìwé ìròyìn àti àwọn aṣòfin Nàìjíríà ké gbàjarè lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì tún àdéhùn náà ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tó yí padà. Ní 1928, ẹni tí ìyà ń jẹ kò ní ibi tí yóò ké sí. Lẹ́yìn 1942, orúkọ kan wà lórí ìwé, ilé kan sì wà ní Calabar tí ènìyàn lè lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Atúnṣe kò lè wáyé bí kò bá sí ẹni tí a ń bá wí.

Nígbà tí onígbọ̀wọ́ yẹ̀

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ìjọba wa bọ́ sí ipò tí Bìrìtéènì wà nínú àdéhùn náà. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ lórí erékùṣù náà ju àwọn Bubi lọ. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé ní 1967. Ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà ti wá. Ìjọba tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn sì ń bá ilé wọn jagun. Ta ni wọn yóò wá ké sí?

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 1968, Equatorial Guinea gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì. Lábẹ́ Ààrẹ Francisco Macías Nguema, ìyà àwọn àjèjì peléke sí i, àti ti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn. Láàárín òpin 1975 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1976, ìjọba Nàìjíríà fi ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ òfurufú kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ rẹ̀ padà sílé. Macías wá fi ipá kó àwọn ọmọ ilẹ̀ tirẹ̀ wọ oko kòkó láti rọ́pò wọn. Oko náà kò padà bọ̀ sípò mọ́.

Àjò kò lè dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò padà bí ẹni tó ti àjò dé. Bí ẹni tó sá àsálà ni wọ́n padà. Àdéhùn tó sọ bí ènìyàn yóò ṣe lọ pọ̀. Èyí tó sọ bí yóò ṣe padà ni kì í pọ̀.

Ohun tó kàn wá lónìí

Ẹnìkẹta ti pọ̀ sí i lóde òní, ìrísí rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹnìkan lè jókòó sí Ìlọrin kó máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, kó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lójú òfin. Ìjọba wa pàápàá ti ṣe irú rẹ̀: láti 1987 ni ètò Technical Aid Corps ti ń rán àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, tí Nàìjíríà sì ń san owó wọn. Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà ti lè béèrè fún ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti ilẹ̀ England. Àwọn tí a kọ́ ni ìlẹ̀kùn yìí ṣí fún, àwọn alágbàtà sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Òfin kò ṣàìsí. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti 1974, béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ máa kó òṣìṣẹ́ gba ìwé àṣẹ. Àdéhùn ILO ti 1997 lórí àwọn ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ aládàáni sì fi lélẹ̀ pé kò yẹ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àyàfi níbi tí àwọn aláṣẹ bá dìídì yọ̀ǹda. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ló gbọ́ èyí rí kí wọ́n tó jáde?

A dábàá pé kí àwọn tó ń kọ́ni ní ìtàn, èdè àti ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí fi ìtàn Fernando Po sínú iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì fi ìbéèrè mẹ́rin kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ka ìwé àdéhùn. Èkíní, ta ni ó pe ara rẹ̀ ní agbanisíṣẹ́ lórí ìwé yìí? Èkejì, ta ni yóò san owó, ní ìlú wo? Ẹ̀kẹta, bí ìyà bá jẹ mí, ta ni mo lè pè lẹ́jọ́, níbo? Ẹ̀kẹrin, báwo ni n óò ṣe padà, ta ni yóò sì gbé owó rẹ̀? Olùkọ́ èdè lè gbé ìwé àdéhùn kan kalẹ̀ ní kíláàsì, kí àwọn ọmọ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Ìgbò tàbí Haúsá. Ibi tí ìtumọ̀ bá ti ń kọsẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí wọ́n tún kà.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé alágbàtà ti wà tipẹ́, kò sì ní í tán láyé. Ní Làìbéríà, alágbàtà nìkan ló wà; iṣẹ́ di oko ẹrú. Ní Calabar, wọ́n fi onígbọ̀wọ́ kún un. Ìyà kò tán, ṣùgbọ́n igbe òṣìṣẹ́ rí etí tí yóò gbọ́ ọ. Nígbà tí onígbọ̀wọ́ yẹ̀, ọkọ̀ ni wọ́n fi lọ kó àwọn ènìyàn padà.

Ní ti ọmọ tó mú ìwé wá, a ní kí ó kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó pè é síṣẹ́. Orí fóònù ni wọ́n ti dá a lóhùn. Wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kò fọwọ́ sí i. Owó fọ́ọ̀mù tó san kò padà, ó sì ṣì ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan nítòsí wa, lórí owó tí kò tó nǹkan. Nígbà mìíràn, a máa ń bi ara wa bóyá a gbà á là ni tàbí a dí i lọ́nà. Ohun tó dá wa lójú ni pé ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà, kò sì yẹ kó jẹ́ pé lẹ́yìn tó ti jáde kúrò lọ́dọ̀ wa ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti béèrè rẹ̀.