Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: Ìdí tó fi yẹ ká tètè tọ́jú ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìtìjú tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ òbí panu mọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣàkíyèsí pé ìwà ọmọ wọn ti yàtọ̀. Wọ́n á ní ìṣe ọmọdé ni, wọ́n á ní yóò kọjá lọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di ariwo ládùúgbò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń sáré kiri. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí àìsàn náà ṣì kéré ni ìtọ́jú rẹ̀ máa ń rọrùn jù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé ní ọdún 2024 pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àìsàn ọpọlọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 14, tí ìdajì wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 18. Àjọ náà tún sọ pé ọ̀kan nínú ọmọ méje tó wà láàrin ọdún 10 sí 19 lágbàáyé ni irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń bá fínra. Bí a bá fi ìṣirò yìí wo kíláàsì tó ní ọmọ 42, wọ́n lè tó mẹ́fà.

Àwọn àmì tó yẹ ká ṣọ́

Àìsàn ọpọlọ kọjá kí ènìyàn máa rìn kiri ìgboro láìwọṣọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìbẹ̀rù àpọ̀jù wà lára rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn eré lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó. Ẹni tó ń ṣe dáadáa nílé-ìwé lè bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi. Òmíràn kì í sùn, òmíràn kì í jẹun, òmíràn á sì máa pariwo inú rírun ní gbogbo àárọ̀ tó bá yẹ kó lọ sílé-ìwé. Ọmọ tí kò tọ̀ sílé mọ́ tẹ́lẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀.

Àmì kan ṣoṣo fún ọjọ́ kan kò túmọ̀ sí àìsàn. Ṣùgbọ́n bó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì ń dí ọmọ náà lọ́wọ́, ó yẹ kí òbí fi tó elétò ìlera létí. Bí ọmọ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, kò sí ọjọ́ kankan tó ṣeé fi falẹ̀.

Ohun tí olùtọ́jú máa ń ṣe

Olùtọ́jú yóò kọ́kọ́ fetí sí ọmọ náà lóun nìkan, yóò sì tún gbọ́ tẹnu òbí. Yóò béèrè nípa oorun, oúnjẹ, ilé-ìwé àti ọ̀rẹ́. Yóò wádìí bóyá àìsàn ara, lílù, ikú ẹni tó sún mọ́ ọmọ náà, ìfòòró láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tàbí igbó mímu wà ńdìí ọ̀rọ̀. Àìsàn náà sì lè jẹ́ ti ìdílé. Kì í ṣe ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ òbí kankan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá bi ọmọ léèrè bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀, a ti fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà lè jẹ́ kó rí ẹni sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò lo oògùn: ìmọ̀ràn, ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ àti àtúnṣe nínú ilé ló ń tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nílẹ̀ England, ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 sọ nígbà náà pé kí ó kéré tán ìdajì àwọn tí àìsàn gbígbọ́ ohùn àti ríran asán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìtọ́jú bá ṣe ń pẹ́ tó ni ìwòsàn máa ń nira tó.

Ìtọ́jú nílẹ̀ wa

Nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ti fi hàn láti ọdún 1954 ní Arò, Abẹ́òkúta, pé ẹbí wúlò nínú ìtọ́jú. Aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jọ ń gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibùdó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Ọmìgbódùn jẹ́ olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́ ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti onírúurú orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin wèrè ti ọdún 1958.

Òfin kò lè wo ohun tí òbí bá fi pamọ́. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò gbà lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n darí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á, ṣùgbọ́n kó má fi dá ìtọ́jú dúró, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ rẹ̀ tàbí kó na án ní pàṣán. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.